Aláago Tí Kì í Kí Màmá

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Màmá kà sí Aláago lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn ló sì dá lórí ìkíni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe tò wọ́n. Àkọ́kọ́, ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì tí òun jókòó lé kọjá, ó wọlé, ó jáde, kò sọ pé ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀kejì, òun na ọwọ́ sí i lẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ òun sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀ka igi tí ewé ti wọ́ dànù lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí tó burú jù, ó tẹ òun lẹ́sẹ̀ nínú pálọ̀, ó wá yíjú sí àga tímùtímù, ó ní, "Ẹ má bínú."

"Àga ló bẹ̀," Màmá ní. "Àga. Èmi tí mo ni ẹsẹ̀, mo dúró síbẹ̀ bí òpó."

Màmá kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìkíni dù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, bó bá ń kọjá lójú pópó, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n á ju sìgá nù, wọ́n á sì máa ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onídígí nítorí pé awò ojú ló ń ṣe, ni Aláago ń fẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí òun mọ̀ kò jọ èyí rárá. Aago ọwọ́ tó ti bàjẹ́ pàápàá, bí ẹni gbé ọmọ tuntun ni Aláago ṣe ń gbé e. Ta ló wá ń kọ́ ọ ní ìgbéraga tí Màmá bá ti dé?

Orí awò ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Aláago jókòó lé awò ojú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó àfọ́kù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú àpòòwé. Onídígí gbé àfọ́kù náà sókè, ó ń ti inú rẹ̀ wo àgbélébùú tó yà sára ògiri, ó ń sún un sọ́tùn-ún sósì. Bí àwọn onídígí ṣe ń mọ agbára awò nìyẹn: wọ́n á wò ó bóyá àgbélébùú ń tẹ̀lé dígí ni o, àbí ó ń sá fún un. Ó lọ dígí tuntun, ó gbé e wọ ọkùnrin náà lójú, ó ní kó ka ìwé tó wà lára ògiri. Aláago ka ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí kòkòrò pàápàá yóò yá awò kó tó lè kà. Ó tún ka orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Onídígí pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ojú yín mú bí abẹ́rẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ta ní ń fi aago wọn ẹ̀rín?

Ọdún kan àtààbọ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Màmá sì taku. Àbúrò Màmá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ló gba iṣẹ́ alárinà. Ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Òun ló dábàá pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ lo ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ní erékùṣù kan.

"Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ ń tò síwájú balùwẹ̀ kan," Àǹtí ní, "tí ọ̀kan nínú wọn bá gbéra ga, omi ìwẹ̀ yóò tú u fó."

Màmá gbà, ṣùgbọ́n ó fi òfin lélẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin. Tí mo bá rí i pé bó ṣe wà náà ló wà, mi ò ní tẹ̀lé yín débi ìgbéyàwó kankan. Ẹ gbé fọ́tò mi sórí àga."

Onídígí sì ti búra tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lábùúrò. Tí Màmá kò bá dúró níbi ìgbéyàwó òun, òun kò ní ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti wá di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

*

Erékùṣù náà kéré. Tí èèyàn bá sín níhà ìlà-oòrùn, ẹni tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn á ní pẹ̀lẹ́. Ilé tí wọ́n dé sí ní yàrá mẹ́rin, balùwẹ̀ kan, àti fàráńdà tí wọ́n to àga rọ́bà sí, tó kọjú sí òkun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Màmá gbé àga rẹ̀ sápá òsì ilẹ̀kùn, ó jókòó bí ọdẹ tó lúgọ. Aláago jáde tòun ti ife tíì. Ó kọjá. Màmá wúkọ́. Ọkùnrin náà ta gìrì, tíì dà sí i lẹ́sẹ̀, ó wo ọ̀tún kó tó wá wo òsì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò..."

"Ṣé ìgbà tí mo bá ní ikọ́ ni mò ń di èèyàn?"

Onídígí wà lójú fèrèsé. Ó pa fèrèsé dé.

Lọ́jọ́ kejì, Atukọ̀ kan kó wọn lọ síbi òkúta iyùn, níbi tí omi ti mọ́ débi pé èèyàn lè ka èékánná ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó pín ìbòjú oní-gíláàsì tí wọ́n fi ń ríran lábẹ́ omi, ó pín ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí, ó pín bàtà tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ẹni tó dán an wò rí nínú wọn.

Màmá gbé ọ̀pá sókè. "Ta ló fi ẹnu kan èyí kó tó kàn mí?"

"A ti fọ̀ ọ́ mà," Atukọ̀ dáhùn.

"Mi ò bi ọ́ bóyá ẹ fọ̀ ọ́. Orúkọ ni mo bèèrè."

Inú táyà rọ́bà tó léfòó ni Màmá wá jókòó sí. Wọ́n ní kó tẹ orí wo ẹja, ó ní òun ti rí ẹja rí nínú àwo.

Onídígí ní ẹ̀bùn kan lápò. Ó fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì lọ dígí méjì tó bá agbára awò Aláago mu, ó wá lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìbòjú tí Atukọ̀ fún ọkùnrin náà, kí olówó orí òun ọ̀la má baà wọ inú òkun lọ wo kùrukùru. Nígbà tó fi lé e lọ́wọ́, Aláago fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí dígí náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

Wọ́n wọ omi tó mù wọ́n dé àyà. Onídígí fa ìbòjú tirẹ̀ bojú. Ó yíjú, orí rẹ̀ gbá èjìká Àǹtí. Ó yí sí òdìkejì, ó tẹ Atukọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mi ò rí ẹ̀gbẹ́ mi mọ́ o. Iwájú nìkan ni mò ń rí, bí ẹni tó ń yọjú láti inú agolo. Báwo lèèyàn ṣe lè máa gbé ayé báyìí?"

Aláago dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ó ti gbé ìbòjú rẹ̀ sórí. "Báyìí ni mo ṣe ń gbé e," ó ní.

"O tún ti dé àwàdà ẹ."

"Ó ti di ọdún méje. Ìwọ á bọ́ tìẹ tá a bá jáde nínú omi."

Kó tó lè sọ̀rọ̀, Atukọ̀ fọn fèrè, wọ́n dojú bo omi.

Bí Onídígí ṣe wọ ibi tó dára jù tí ojú rẹ̀ tíì rí nìyẹn, tòun ti òkúta láyà. Iyùn ńlá ńlá wà nísàlẹ̀, wọ́n ká kò bí ọpọlọ èèyàn. Àwọn ẹja aláwọ̀ ìyeyè tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé-ìwé tí Màmá ń wò bọ̀ lẹ́yìn. Oòrùn ń gba orí omi wọlé, ó ń jó lórí iyanrìn. Onídígí ń wò ó, kò rí i. Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Aláago ń yí orí: ọ̀tún, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, jẹ́jẹ́, láìsinmi, bí fáànù. Òun nìkan ni kò kọlu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n gbórí jáde, Atukọ̀ fi ìka tọ́ka sí i. "Bọ̀dá, ẹ ti ṣe èyí rí."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi nìyí."

"Mi ò gbà. Gbogbo ẹni tó bá wọ nǹkan yìí ló ń gbàgbé pé òun ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń wá tiyín kiri."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Onídígí fi omi bọ́jú, kí wọ́n má baà mọ èyí tó jẹ́ omi òkun.

*

Abẹ́ igi kan létíkun ni Aláago ti jẹ́wọ́ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ló ń kú. Ó ń tì bọ̀ láti etí, díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń tì. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá, ó lè gba ogún, ó sì lè dúró síbi kan kó má tì tán. Kò sí oògùn rẹ̀. Àárín ṣì mú, ìdí nìyẹn tó fi ń rí eyín aago tó kéré ju irúgbìn lọ. Ṣùgbọ́n bí erin bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfi kí erin kọ́kọ́ kí i.

"Ọdún kan àtààbọ̀," Onídígí ní. "Kí ló dé tóò sọ fún mi?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. O pàtẹ́wọ́ fún ojú mi. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ojú mi rí. Mo ní kí n gbádùn ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan di méjì."

Inú bí i. Ojú sì tì í, èyí ló pọ̀ jù. Ó ti gbé awò lé imú èèyàn tí kò lóǹkà, ojú wọn ló fi ń jẹun. Ó gbé ọkùnrin yìí síwájú ògiri, ó ní kó wo iwájú, ó wo iwájú, ó yege. Kò bi í rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Oníṣẹ́ ojú tí ẹni tó fẹ́ràn ń fọ́jú lọ níwájú rẹ̀, tó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ká lọ sọ fún Màmá," ó ní.

"Rárá. Jẹ́ kí Màmá máa pè mí ní agbéraga. Àwọn agbéraga ń gbéyàwó lójoojúmọ́. Ìwọ fún mi di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, èmi fúnra mi á sọ ọ́."

Ó gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni Màmá dájọ́. Wọ́n jókòó ti búrẹ́dì àti ẹyin. Màmá na àwo bọ́tà sí Aláago láti ẹ̀gbẹ́, àwo náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lọ. Nígbà tó dìde lọ fọ ọwọ́, Màmá gbé bọ́tà kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ má dúró de ọjọ́ kẹrin nítorí tèmi."

Onídígí ti fún ọkùnrin náà ní ìlérí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti là kó tó rántí. "Kò rí yín ni, Màmá. Kò rí yín rí. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ti kú."

Ó tò ó látòkèdélẹ̀. Àǹtí dákẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti kékeré. Màmá dìde, ó rìn lọ bá Aláago lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó gbé orí sókè.

"Ọmọkùnrin yìí, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti ń fi orúkọ ẹ gbálẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Má bínú sí mi."

Aláago wo Màmá, ó wo Onídígí lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yé e pé wọ́n ti já ìlérí. Síbẹ̀ ó ní, "Màmá, èmi ni kí ẹ dárí jì. Kí n tiẹ̀ lọ bẹ àga."

Màmá rẹ́rìn-ín. Àǹtí rí ohùn rẹ̀ padà, ó ń kọrin ìyàwó kiri fàráńdà. Ọkàn Onídígí fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó wọ yàrá lọ ká aṣọ, orin ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá tẹ̀lé e wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti tọrọ àforíjì," ó ní. "Ó wá ku kí n kọ̀ ọ́."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Onídígí. "Màmá?"

"Ìgbéraga, ayé á lù ú jáde lára èèyàn. Ojú tó ń kú, ta ni yóò lù ú sàn? O rántí bàbá rẹ. Ọdún mọ́kànlá lórí ibùsùn kan. Èmi ni mò ń yí i sọ́tùn-ún, èmi ni mò ń yí i sósì. Mo ń dé ilé-ìwé pẹ̀lú àtíkè lójú kí wọ́n má baà rí i pé mi ò sùn."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n èmi, wọn ò bi mí léèrè tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo jí bá a nílẹ̀. Ìwọ, wọ́n ti bi ọ́. Ẹni tí wọ́n bi, tó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lẹ́ni tí yóò bá ròjọ́ lọ́la."

Onídígí fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa aṣọ dípò rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Nígbà tí Màmá dúró bí ògiri, ó rọrùn láti fi orí lu ògiri. Ní báyìí tí ògiri di ìbéèrè, orí rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ lórí afárá onípákó. Onídígí ṣe ohun kan tí kò tíì dárí ẹ̀ ji ara rẹ̀ títí dòní. Ó rìn lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláago, níwọ̀n ìnà ọwọ́ kan sí i, kò sì fọhùn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rí òun.

Aláago bi Àǹtí pé, "Onídígí mi dà?" Ó yíjú síhìn-ín, ó yíjú sọ́hùn-ún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń pè é. Ẹ̀wù rẹ̀ kan ọwọ́ Onídígí, ó kọjá.

Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó dáhùn. "Èmi rèé."

Aláago dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. "O ti wà níbẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. "Má dá mi lóhùn lórí ìgbéyàwó báyìí," ó ní. "Lọ rò ó. Tó bá di bẹ́ẹ̀ kọ́, rán Àǹtí. Tó bá di bẹ́ẹ̀ ni, kó o wá fúnra rẹ."

*

Oṣù méjì kọjá. Onídígí ń lọ dígí, dígí ń fọ́. Àǹtí ń lọ, Àǹtí ń bọ̀.

"Ó ní kí n kí ẹ," Àǹtí á ní.

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní ara òun le. Mo sọ fún un pé ìwọ náà ò lè jẹun, pé o ti gbẹ bí igi ìṣáná."

"Àǹtí, mo sanra sí i ni."

"Ta ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe alárinà nìyẹn?"

Ohun tó ń rò kò dúró lójú kan. Láàárọ̀ ó ń rò pé òun á lè ṣe é. Lọ́sàn-án, afọ́jú kan tó ń kọjá á fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já. Ó fi aṣọ di ara rẹ̀ lójú nínú ilé, ó rìn dé ilé ìdáná, ó gbá orúnkún, ó jókòó sílẹ̀ ó sunkún, inú sì tún bí i pé òun ń ṣe eré ìtàgé lórí ayé ẹlòmíràn. Ìbínú irọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó fi ìbínú sápá kan, ẹ̀rù sápá kejì, ó wá rí i pé ohun tó ṣẹ́kù láàárín kò dín kù rárá: ó ṣì ń wu òun kí òun gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó wọ bàtà, ó lọ síbi iṣẹ́ ọkùnrin náà.

Ṣọ́ọ̀bù Aláago kò fẹ̀ ju yàrá ẹni kan lọ. Aago wà lára ògiri látòkèdélẹ̀, kò sí méjì tí ohùn wọn bára mu. Onídígí ti ilẹ̀kùn wọlé, ó bá Màmá lórí àga oníbàárà, tó gbé pọ́ọ̀sì lé itan.

Aago nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Jókòó," Màmá ní. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo wá bẹ ọkùnrin yìí kó kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni."

"Màmá."

"Mo ní kó sọ fún ẹ pé òun ti rí ẹlòmíràn. Mo tiẹ̀ ti bá a wá orúkọ ọmọbìnrin náà."

Aláago ti gbé gíláàsì iṣẹ́ kúrò lójú. "Mo sọ fún Màmá pé mi ò lè ṣe é. Irọ́ kan tí mo pa fún ọ, mi ò tíì jẹ ìyà ẹ̀ tán. Tó o bá bi mí, òótọ́ ni màá sọ. Pé kò sí ẹlòmíràn."

"Mo sunkún," Màmá ní, bí ẹni tó ń fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sun. "Níwájú ẹ̀. Èmi. Kò yẹ̀, alágídí ni."

Onídígí kò jókòó. Ó lọ dúró síwájú tábìlì iṣẹ́, níbi tí ojú ọkùnrin náà ti lè mú un.

"Mi ò wá sọ pé ẹ̀rù ò bà mí," ó ní. "Ó ń bà mí. Ó bà mí lórí afárá yẹn, mo sì fi dán ẹ wò bí ẹran. Má bínú. Tó o bá tún fi nǹkan pa mọ́ fún mi, bó ti wù kó kéré, màá kúrò. Ṣùgbọ́n mo ti wá fúnra mi."

Ọwọ́ Aláago wá tirẹ̀ lórí tábìlì. Eyín aago kékeré kan yí bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wá a.

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Láti ọdún méje."

"Ó dáa. A ó jọ máa bẹ̀rù."

Màmá dìde. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ti pọ́ọ̀sì pa, ó wo àwọn méjèèjì. Onídígí mú ọkàn le, ó ń dúró de ìdájọ́.

"Ọjọ́ wo?" Màmá bèèrè.

"Ọjọ́ wo ti kí ni, mà?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó. Mi ò tíì gbà o. Mo kàn fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí mo ní láti fi kọ̀ ọ́, kí n tó wá."